Àtúnṣe 312 ló kún àpótí mi, mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Atọ́jú_Òǹkà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìkànnì kékeré kan táwọn èèyàn ti ń wo òǹkà: bí òkè ṣe ga tó, iye òṣùpá tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan po, bí nǹkan ṣe wúwo tó, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fi bọ́tìnnì kan sísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: "Ṣé ẹ rí àṣìṣe? Ẹ sọ fún wa." Mo rò pé ẹni méjì mẹ́ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ lóṣù. Lónìí, lẹ́tà 312 ló wà nílẹ̀ tí mi ò tíì dáhùn.

Mo ti ka bí ọgọ́rùn-ún nínú wọn. Àwọn kan ń polówó ọjà. Àwọn kan ń bú mi. Ẹnì kan kàn kọ "Kò dáa", ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó kù ni wàhálà gan-an: ẹnì kan ní kí n yí òǹkà kan padà, lọ́sẹ̀ kejì ẹlòmíì ní kí n dá a padà sí bó ṣe wà. Àwọn méjèèjì ló sì mú ẹ̀rí wá.

Ẹ wo èyí tó bí mi nínú jù. Lójú ìwé òkè Everest, mo kọ 8,848.86 mítà síbẹ̀, iye tí Nepal àti Ṣáínà jọ kéde lóṣù Kejìlá ọdún 2020. Òǹkàwé kan wá kọ̀wé sí mi: "Gíga òkè yín ò tọ̀nà. 8,848 ni." Mo fèsì pé iye àtijọ́ nìyẹn, mo ti ọ̀rọ̀ náà pa. Ó tún kọ̀wé, mo tún tì í pa. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní mi ò mọ ìṣirò. Ìṣirò kẹ̀? Níbo ni ìṣirò gbà wọ ọ̀rọ̀ náà?

Ó ń ṣe mí bíi kí n kúkú yọ bọ́tìnnì náà kúrò. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá_Kóòdù
Má dán an wò. Tó o bá yọ ọ́, àwọn àṣìṣe á ṣì jókòó síbi tí wọ́n wà, ìwọ nìkan ni ò ní gbọ́ nípa wọn mọ́.

Kí ni fọ́ọ̀mù rẹ ń béèrè lọ́wọ́ wọn ná? Tó bá jẹ́ àpótí òfìfo kan ṣoṣo lo gbé síwájú èèyàn, "Kò dáa" náà ni wàá máa rí. Tèmi ń béèrè nǹkan mẹ́ta: gbólóhùn wo ni ò tọ̀nà, kí ló yẹ kó jẹ́, níbo lo ti rí i. Mi ò sọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn di dandan, torí ẹni tó mọ nǹkan dáadáa lè má rántí ibi tó ti kà á. Àmọ́ fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló ń kọ àdírẹ́sì ojú ìwé àti ọjọ́ tí wọ́n ti yí i padà kẹ́yìn sínú lẹ́tà. Má fi ìyẹn sílẹ̀ fún òǹkàwé láéláé. Yóò kọ "òǹkà yẹn ò dáa" ránṣẹ́ sí ẹ, ìwọ á wá máa wá òǹkà kan kiri inú odindi ìkànnì.

Má sì fi dandan lé e pé kí wọ́n fi ímeèlì sílẹ̀. Ẹni tí ò bá fẹ́ kó o mọ òun á kàn hùmọ̀ ímeèlì kan ni, ìwọ á wá máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ò_Tọ́_Bẹ́ẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, torí èmi gan-an ni irú ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí. Mo máa ń kọ̀wé sáwọn onìkànnì. Kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́, àìsàn ni. Tí mo bá rí òǹkà tí ò tọ̀nà, mi ò ní rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣé ẹ mọ ohun tí à ń rí lápá ọ̀dọ̀ tiwa? Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fèsì pé "A dúpẹ́, a ti gba lẹ́tà yín," lẹ́yìn náà ó di kẹ́kẹ́. Màá padà lọ wò ó lóṣù mẹ́fà, ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Tàbí kí n bá a tí wọ́n ti tún un ṣe, tí wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn mí jù. Mi ò bẹ̀bẹ̀ owó. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́: "Òótọ́ lẹ sọ, a ti yí i padà."

Ẹ̀gbọ́n Atọ́jú_Òǹkà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mítà nìkan lẹ kọ sójú ìwé Everest yẹn ni, àbí ẹ kọ ẹsẹ̀ bàtà náà? Ara ń fu mí.

Atọ́jú_Òǹkà
Mo kọ méjèèjì. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyí: "8,848.86 mítà, ìyẹn 29,029 ẹsẹ̀ bàtà." Kí ló dé?

Ò_Tọ́_Bẹ́ẹ̀
Ahà! Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 0.3048 mítà géérégé, kò lé, kò dín. Ẹ sọ 29,029 di mítà, 8,848.04 lẹ máa rí. Ẹsẹ̀ bàtà yín jẹ́ ti iye àtijọ́, mítà yín jẹ́ ti tuntun. Ẹ wá pín 8,848.86 sí 0.3048, ó di 29,031.7, a lè pè é ní 29,032.

Ẹ ò rí i báyìí? Ẹsẹ̀ bàtà lòǹkàwé yín kà. Ó yí i sí mítà, ó rí 8,848, ó wá gbà pé mítà lẹ ṣì kọ. Ó mú ẹni tí ò jalè, àmọ́ olè wà nínú ilé lóòótọ́.

Atọ́jú_Òǹkà
Háà! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún lójú! Mo rántí ọjọ́ tí mo yí mítà yẹn padà. Mo kàn fọwọ́ kan ibi kan ṣoṣo, mo sáré lọ sójú ìwé mìíràn. Ojú ń tì mí.

Ìyá_Lẹ́tà
Má jẹ́ kójú tì ẹ́, ọmọ mi. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì ni pé kí n máa ka ìwé atúmọ̀ èdè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n sì máa gba lẹ́tà àwọn tó bínú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ohun kan tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé aláìsàn ló mọ ibi tó ń dùn ún. Kì í sábà mọ orúkọ àìsàn náà, oògùn tó bá ní kí wọ́n fún òun sì lè pa á. Ìyẹn ò ní kó máà dùn ún. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá kọ̀wé sí mi pé kí n yí A sí B, mi ò ní kọ́kọ́ wo B rárá. Màá ka gbogbo ìpínrọ̀ tí A wà nínú rẹ̀, òkè délẹ̀, bí ẹni tí ò rí i rí. Lọ́pọ̀ ìgbà B náà kì í tọ̀nà, àmọ́ ìlà tó tẹ̀ lé A ló ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn kan fún yín. Lọ́dún 1934, ẹ̀dà kejì ìwé atúmọ̀ èdè ńlá Webster jáde ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan tí kò sí láyé sì wà nínú rẹ̀: dord. Wọ́n ní ohun tó túmọ̀ sí ni bí nǹkan ṣe ki tó, èyí táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní density. Báwo ló ṣe débẹ̀? Lọ́dún 1931, olóòtú tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì fi bébà pélébé kan ránṣẹ́. Ó kọ "D or d" sórí rẹ̀, ìyẹn ni pé èèyàn lè fi D ńlá tàbí d kékeré dúró fún density. Ẹnì kan bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó di dord. Lọ́dún 1939, olóòtú kan nílé iṣẹ́ náà ló rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní orísun kankan, ni àṣírí bá tú. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1947 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀! Àwọn ní àwáwí, irin ni wọ́n fi ń tẹ̀wé nígbà náà. Ẹ̀yin onìkànnì ò ní.

Ọ̀rọ̀_Sunwọ̀n
Ìyá, ẹ kú ọgbọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bu omi díẹ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ké ló ní egbò. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwọ gan-an lo kó àìsàn ràn wọ́n.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Obìnrin kan ní ọdún tí mo kọ sábẹ́ nǹkan kan kò bá tojú ìwé kejì mi mu, ó sì fi líǹkì ìkànnì kan ránṣẹ́ láti fi hàn pé ti ojú ìwé kejì ló tọ̀nà. Mo ṣí líǹkì. Ọ̀rọ̀ náà jọ tèmi. Mo kà á síwájú, mo bá àṣìtẹ̀ mi níbẹ̀, bí mo ṣe fọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà kan tó fò. Èmi ni wọ́n dà kọ! Wọ́n wá ń fi mí jẹ́rìí sí mi.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn tó tóbi jù mí lọ. Lọ́dún 2008, akẹ́kọ̀ọ́ kan fi àwàdà kọ ọ́ sórí Wikipedia pé wọ́n tún ń pe ẹranko coati ní "Brazilian aardvark". Àwọn ìwé ìròyìn rí i, wọ́n lò ó. Wọ́n wá ń tọ́ka sáwọn tó lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé orúkọ náà wà lóòótọ́. Ọdún 2014 ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà tó hàn sí gbogbo ayé.

Tẹ́nì kan bá mú ẹ̀rí wá fún mi báyìí, ọjọ́ tí wọ́n kọ ẹ̀rí náà ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tó bá kéré sí ọjọ́ orí ojú ìwé mi, mi ò kà á sí ẹlẹ́rìí. Ẹni mẹ́wàá tó pọnmi nínú kànga kan náà, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n.

Atọ́jú_Òǹkà
Mo ti ṣe àkọsílẹ̀ ìyẹn. Àwọn méjì tó ń bá ara wọn jà ńkọ́? Ojú ìwé Saturn ni. Ọ̀kan ní òṣùpá 82 ló ní, èkejì ní 146. Èmi kọ 274 síbẹ̀. Àwọn méjèèjì bínú sí mi.

Bàbá_Kóòdù
Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ jàre. 82 ni lọ́dún 2019. Ó di 146 lọ́dún 2023. Lóṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n fi 128 tuntun kún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 274. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú yín, ìwọ lo ò kọ ọjọ́ síwájú òǹkà rẹ. Kọ "274, iye tí wọ́n mọ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2025" síbẹ̀, kó o wá wo bí lẹ́tà ṣe máa dín kù.

Yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ o. Ohun tí o kọ tí kò tọ̀nà rí, àṣìṣe ni. Ohun tó tọ̀nà lánàá tí ayé ti kọjá rẹ̀, ìyẹn ti gbó ni. Everest rẹ, méjèèjì ló wà níbẹ̀: o mú ọ̀kan dójú ìwọ̀n, o fi èkejì sílẹ̀ kó gbó.

Nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: má fèsì pé "a ti tún un ṣe" títí wàá fi ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù mìíràn, èyí tí o ò fi wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ìkànnì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin kan rí, ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́, òǹkà àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní mò ń pe òun lópùrọ́. Ọjọ́ méjì la fi fà á. Ẹ̀dà àtijọ́ tí búráúsà rẹ̀ fi pamọ́ ló ń kà. Báyìí, mo máa ń fi kún lẹ́tà mi pé kí wọ́n tún ojú ìwé náà ṣí, àti pé òǹkà àtijọ́ ṣì lè máa yọjú lórí Google fúngbà díẹ̀.

Ò_Tọ́_Bẹ́ẹ̀
Kí wọ́n sì kọ ọ́ sójú ìwé fúnra rẹ̀ pé nǹkan yí padà! Ọjọ́, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀_Sunwọ̀n
Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Tí mo bá fi àmì kọ́mà kan kún gbólóhùn, kí n ké sí aráyé? Ìwé àtúnṣe á di ààtàn, kò sì sẹ́ni tó máa rí ohun gidi nínú rẹ̀ mọ́.

Ò_Tọ́_Bẹ́ẹ̀
Kọ́mà ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń bá òǹkà tí wọ́n rọra pààrọ̀ lóru.

Ìyá_Lẹ́tà
Ẹ sinmi ná. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: ṣé ẹnì kan ti lè da èyí kọ lọ síbòmíì? Tó bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé ohun tó kó lọ ti bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ síta. Kọ́mà ò kan ẹnikẹ́ni.

Tó bá sì wù yín láti dúpẹ́, ẹ dúpẹ́ dáadáa. Títí di ọdún 2008, Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nì, máa ń fi sọwédowó $2.56 ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àṣìṣe kan nínú ìwé rẹ̀. Sẹ́ǹtì 256 nìyẹn, ó ní dọ́là kan ni tá a bá ń kà á lọ́nà oní-16 àwọn oníkọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń kọ 256 bíi 100. Ọ̀pọ̀ tó gbà á ni kò lọ gbowó, ṣe ni wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Orúkọ èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtúnṣe á ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tónítọ̀hún bá gbà kẹ́ ẹ dárúkọ òun.

Àlejò_Òru
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Tó bá wá jẹ́ pé ẹni tí ojú ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kọ̀wé ńkọ́? Ẹnì kan ní ohun tí mo kọ nípa òun kì í ṣòótọ́, àmọ́ kò rí ìwé kankan fi hàn mí.

Ọ̀rọ̀_Sunwọ̀n
Ó dá lórí ohun tẹ́ ẹ kọ. Lọ́dún 2012, òǹkọ̀wé Philip Roth ní kí Wikipedia ṣàtúnṣe ohun tí wọ́n sọ pé ó mú òun kọ ìwé ìtàn àròsọ òun kan. Wọ́n ní ó nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Ó bá kọ lẹ́tà gbangba jáde nínú The New Yorker, lẹ́tà náà wá di ẹlẹ́rìí. Àwọn èèyàn fi òfin yẹn rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Èèyàn lè purọ́ nípa ara rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ì bá ti kọ síbẹ̀ látọjọ́ kìíní pé "òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀".

Ìyá_Lẹ́tà
Ti ìwé àròsọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn burúkú ni, ẹ má dúró de ìwé kankan. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2005, ẹnì kan kọ ọ́ sórí Wikipedia pé wọ́n ti fura sí oníròyìn John Seigenthaler pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Ààrẹ Kennedy àti ti àbúrò rẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Ó lé lóṣù mẹ́rin tó fi wà níbẹ̀. Àlejò, gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní alẹ́ yìí ná, kó o tó lọ wádìí. Ìwọ tó kọ ọ́ ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá.

Àlejò_Òru
Mo ti gbé e kúrò, Ìyá. Ẹ ṣeun.

Bàbá_Kóòdù
Atọ́jú_Òǹkà, a ò tíì dáhùn ìbéèrè rẹ gan-an. Má fi ọjọ́ to 312 yẹn, ojú ìwé ni kó o fi tò ó. Lẹ́tà mẹ́jọ lórí ojú ìwé kan, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, bí ohun tí wọ́n ń sọ ò bá tiẹ̀ bára mu.

Atọ́jú_Òǹkà
Ọjọ́ kẹrin rèé, mo padà dé. Nígbà tí mo da ìpolówó àti èébú nù, lẹ́tà 137 ló ṣẹ́ kù, ojú ìwé 58 péré ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ojú ìwé kan ló kó 19 nínú wọn: àtẹ tó ń sọ bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe tóbi tó, iye kìlómítà láti àárín gbùngbùn wọn dé etí.

Ohun tí àwọn 19 yìí ń sọ ò jọra rárá. Ẹnì kan ní mo ti sọ Ayé di kìlómítà mẹ́fà, pé ẹsẹ̀ lòun á fi rìn ín já láàárín wákàtí méjì. Ẹlòmíì ní Jupiter ló kéré jù. Ẹnì kan kàn ní kí n lọ kàwé sí i. Mo ṣe bí Ìyá ṣe wí, mo pa ìmọ̀ràn wọn tì, mo ka àtẹ náà láti òkè. Ìlà Ayé: 6.371. Ìlà Jupiter: 69,911. Mo da àwọn ìlà kan kọ láti inú ìwé àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ń fi àmì ìdánudúró ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, mo da àwọn tó kù kọ láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tí kọ́mà ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọ tàkọ́kọ́ ka Jupiter sí kìlómítà àádọ́rin dín díẹ̀. Ẹni tó mọ tìkejì ka Ayé sí kìlómítà mẹ́fà lé díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun gbogbo wọn.

Mo wá rí i pé ìpàdé àgbáyé lórí ìwọ̀n ti sọ̀rọ̀ lórí èyí lọ́dún 2003: kọ́mà tàbí àmì ìdánudúró lè ya ìdá sọ́tọ̀, àmọ́ àlàfo ni kí wọ́n fi ya àwọn òǹkà ńlá sí mẹ́ta mẹ́ta. Ó ti di 6 371 àti 69 911 báyìí. Mo fèsì sí àwọn 19, ẹni méje dá mi lóhùn, kò sí èébú kankan nínú rẹ̀.

Ò_Tọ́_Bẹ́ẹ̀
Ẹni Everest ńkọ́?

Atọ́jú_Òǹkà
Òun ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láì fi nǹkan kan pa mọ́, mo tọrọ àforíjì, mo sì bi í bóyá kí n fi orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtúnṣe náà. Àárọ̀ yìí ló fèsì: "Ẹ ṣeun. Ẹ má fi orúkọ mi síbẹ̀. Ẹ lọ wo ojú ìwé òkè K2."

Mò ń lọ wò ó.